Kúlúsúmù, Wá Ti Òwú Bọ Abẹ́rẹ́!

Kúlúsúmù tètè jí lónìí. Kódà, ó jí ṣáájú àkùkọ.

Ó bọ́jú. Ó fọ ẹnu. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé, ó sì sáré lọ mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Kúlúsúmù. Iṣẹ́ ńlá ni!

Ó ń rán àpò kékeré kan. Ègé aṣọ oríṣiríṣi ló fi ń rán an.

Ègé àdìrẹ rèé. Ègé kàkí rèé. Ègé àrán pupa rèé, ó ń dán yinrin.

Ilé Ìyá Àgbà ni Kúlúsúmù ń gbé, ní Ìtamága, ní Ìkòròdú. Ìyá Àgbà ló bí bàbá rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní ọ̀rẹ́ méjì. Ìyá Yísà ga, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ìyá Afọlábí sanra, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á da ègé aṣọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ télọ̀ sílẹ̀. Wọ́n á tò ó. Wọ́n á rán an pọ̀.

Wọ́n á sì jiyàn lórí rẹ̀.

“Pupa ló yẹ níbí!”

“Rárá o, búlúù ni!”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Bí wọ́n bá fi máa jiyàn tán, ègé aṣọ á ti di ìbora. Ìbora ńlá ni, alákànpọ̀, tó ní gbogbo àwọ̀ lára.

Fàájì ni wọ́n fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n òtútù ọ̀sà kì í ṣeré, àwọn ìyàwó apẹja ní Ẹ̀pẹ́ sì fẹ́ràn ìbora yẹn gan-an. Nítorí náà, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń tà á.

Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn lọ, láti èbúté Ìpakodò. Pá-pá-pá-pá, ó di Ẹ̀pẹ́!

Kúlúsúmù ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Kò rí àárín ọ̀sà rí.

“Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín lọ.”

“Ẹni tó bá rán nǹkan tirẹ̀ parí ló ń bá wa lọ,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ọkọ̀ ń lọ lọ́la. Kí àpò rẹ ti parí kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú! Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

Kúlúsúmù jókòó. Ó mú abẹ́rẹ́.

Wọlé. Jáde. Fàà!

“Kúlúsúmù!” Ìyá Yísà ló ń pè é. “Wá ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi!”

“Mà!”

Kúlúsúmù gbé àpò sílẹ̀. Ó sáré lọ. Ó kúnlẹ̀. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ṣíín!

Ó sáré padà. Ó jókòó. Ó mú àpò.

Wọlé. Jáde. Fàà!

“Àbẹ̀kẹ́!” Ìyá Àgbà nìyẹn. Oríkì ọmọ náà ló máa ń pè. “Wá ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi!”

“Mà!”

Ó gbé àpò sílẹ̀. Ó sáré lọ. Ó kúnlẹ̀. Ṣíín! Ó sáré padà.

Wọlé. Jáde...

“Ìyàwó mi!” Ìyá Afọlábí nìyẹn. Ó ní tí Kúlúsúmù bá dàgbà, Afọlábí ọmọ òun ni yóò fẹ́. Kúlúsúmù ò tíì gbà o! “Ìyàwó mi, wá ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi!”

“Mà!”

Ó lọ. Ṣíín! Ó bọ̀.

Kò tíì fìdí kan ilẹ̀ tí Ìyá Yísà tún fi kígbe.

“Kúlúsúmù!”

Kúlúsúmù káwọ́ lérí.

“Ó ti sú mi!” ló wí. Ṣùgbọ́n inú ikùn rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ta ló tó sọ ọ́ síta?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ó bi mí léèrè. Ṣé wọn ò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn ni?

Wọn ò lè ṣe é. Wọ́n ti dàgbà. Wọ́n ń rí ilé, wọ́n ń rí igi, ṣùgbọ́n wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́.

Ìyá Àgbà dán an wò. Ó fi itọ́ tọ́ òwú lẹ́nu. Ó di ojú kan. Ó na òwú.

Òwú gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá.

Ó tún nà án. Òwú gba òkè kọjá.

“Abẹ́rẹ́ yìí ò níhò!” ni Ìyá Àgbà wí. “Ta ló di ihò rẹ̀? Àbẹ̀kẹ́!”

“Mà!”

Ihò ń bẹ níbẹ̀ gbangba. Ṣíín!

Òwú kúkúrú ni wọ́n sì ń gé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní òwú gígùn a máa lọ́.

Òwú kúkúrú kì í pẹ́ tán. Bó bá sì ti tán, ta ni wọ́n máa pè?

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Kúlúsúmù ronú. “Bí òwú bá gùn, kò ní tètè tán. Bí kò bá tán, wọn ò ní pè mí.”

Ó fa òwú fún Ìyá Yísà. Ó fà á láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó fà á láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga.

Ìyá Yísà ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ. Ó fà á. Ó fà á. Ó fà á.

Apá rẹ̀ lọ sókè. Òwú ò tán.

Ó dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Òwú ò tán.

“Sùbúhánàláì! Irú òwú wo rèé?”

Adìẹ kan ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò-kò-kò. Òwú kọ́ adìẹ lẹ́sẹ̀.

Adìẹ fò sókè. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀!

Ó sáré yí òpó ká. Ó sáré yí Ìyá Afọlábí ká. Ó sáré gba abẹ́ àpótí Ìyá Àgbà.

Ó di wúruwùru!

Òwú wà lára òpó. Òwú wà lọ́rùn Ìyá Yísà. Òwú wà lẹ́sẹ̀ adìẹ, adìẹ sì ń pariwo.

Ta ni yóò tú u?

“Kúlúsúmù!”

“Àbẹ̀kẹ́!”

“Ìyàwó mi!”

“Mà, mà, mà!”

Kúlúsúmù tú òwú. Ó tú u títí ọwọ́ fi ń ro ó. Àpò ò kúrò lójú kan.

“Ó ti sú mi, ó ti sú mi!” Inú ikùn náà ló ṣì ti ń sọ ọ́ o.

Oòrùn ti dé àárín orí. Kúlúsúmù tún ronú.

“Bí wọn ò bá rí mi, wọn ò ní rán mi níṣẹ́.”

Òkìtì ègé aṣọ kan wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ga. Ó fẹ̀.

Kúlúsúmù gbé àpò. Ó gbé abẹ́rẹ́. Ó yọ́ wọ inú òkìtì náà. Fìì!

Ó ṣí ihò kékeré kan kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rán àpò rẹ̀.

Wọlé. Jáde. Fàà! Wọlé. Jáde. Fàà! Inú rẹ̀ dùn.

“Ibo ni ọmọ yìí wà?” ni Ìyá Yísà wí. Ó lọ wo ìdí kànga.

Kúlúsúmù dákẹ́.

Ìyá Afọlábí lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Kúlúsúmù dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìyá Àgbà ò lọ síbì kankan. Ó jókòó síbi tó wà, ó sì pe orúkọ.

“Àbẹ̀kẹ́!”

“Mà!”

Háà! Ta ló dáhùn yẹn?

Kúlúsúmù fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Ẹnu ti dáhùn ná.

Ṣebí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré. Bí àgbà bá pè ọ́, dáhùn! Kò tiẹ̀ rò ó rárá, ẹnu rẹ̀ ló dá sáré.

“Ẹ gbà mí o, òkìtì aṣọ ń dáhùn!” ni Ìyá Afọlábí wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ìyá Yísà ki ọwọ́ bọ inú òkìtì. Ó fa Kúlúsúmù jáde.

Ègé aṣọ wà lórí rẹ̀. Ègé aṣọ wà létí rẹ̀. Ègé aṣọ kan tiẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

“O kúkú ti jáde,” ni Ìyá Yísà wí. “Gba abẹ́rẹ́.”

Ṣíín!

“Gba tèmi náà.”

Ṣíín!

“Ìyàwó mi, tèmi ńkọ́?”

Ṣíín! Ṣíín! Ó mà ga o!

Kúlúsúmù lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àpò rẹ̀ lé itan.

Ẹ̀gbẹ́ kan ti parí. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ń la ẹnu sílẹ̀. Àpò náà ò sì tíì ní okùn tí wọ́n á fi gbé e kọ́ èjìká.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀.

“Mi ò ní wọ ọkọ̀,” ni Kúlúsúmù wí. “Mi ò ní rí ọ̀sà. Wọ́n á lọ, wọ́n á fi mí sílẹ̀.”

Omijé kan já bọ́ sórí àrán pupa. Tó!

“Ẹja rèé o! Ẹja tútù rèé o!”

Ìyá ẹlẹ́ja kan ló ń bọ̀, láti Ìpakodò. Ó gbé okùn kan lọ́wọ́.

Ẹja kún orí okùn náà. Okùn yẹn gba ẹnu gbogbo wọn kọjá.

“Ẹlẹ́ja, mú ọ̀kan fún wa!” ni Ìyá Àgbà ké sí i.

Ìyá ẹlẹ́ja tú kókó tó wà ní ìdí okùn. Ó fa ẹja kan yọ. Yọ̀ọ́! Ó sì tún ta kókó padà.

Ẹja kan bọ́. Àwọn yòókù wà lórí okùn, wọ́n ń dúró de ẹlòmíràn.

Kúlúsúmù nu ojú. Ó wo okùn. Ó wo ẹja.

Okùn kan. Ẹja púpọ̀.

Kúlúsúmù dìde fùú!

“Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi ní agolo abẹ́rẹ́.”

“Gbogbo rẹ̀? Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ẹ máa wò ó, mà.”

Kúlúsúmù mú òwú. Kò gé e.

Ó ti òwú náà bọ abẹ́rẹ́ kan. Ṣíín! Ó sún abẹ́rẹ́ náà síwájú.

Ó ti òwú kan náà bọ abẹ́rẹ́ mìíràn. Ṣíín! Ó sún un síwájú.

Òmíràn. Ṣíín! Òmíràn tún. Ṣíín! Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí agolo fi ṣófo.

Ó ta kókó sí ìdí òwú, kí wọ́n má bàa já bọ́. Ó sì fi òwú náà kọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tò sórí òwú kan ṣoṣo. Wọ́n ń dán. Wọ́n ń kan ara wọn. Ṣín-ṣín-ṣín.

“Kí lèyí?” ni Ìyá Yísà bi í. “O so abẹ́rẹ́ bí ẹní so ẹja!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí òwú yín bá tán, ẹ mú abẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí. Ẹ fa òun àti òwú. Ẹ gé e. Ẹ wá ta kókó sí èyí tó kù.”

“Ta ló máa wá ti òwú bọ̀ ọ́?”

“Òwú ti wà nínú rẹ̀, mà! Ó ti wà nínú gbogbo wọn!”

Ìyá Yísà ò gbà á gbọ́. Ó mú abẹ́rẹ́ ìdí. Ó fà á. Ó gé e. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà sí ojú.

Òwú wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

“Háà!” ni Ìyá Yísà wí.

“Háà!” ni Ìyá Afọlábí wí.

Ìyá Àgbà ò ní “Háà!” Ó wo Kúlúsúmù, ó sì mi orí.

Kúlúsúmù padà sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àpò rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó tẹ́tí.

Ẹnikẹ́ni ò pè é.

Wọlé. Jáde. Fàà!

Ẹnikẹ́ni ò pè é!

Wọlé. Jáde. Fàà! Wọlé. Jáde. Fàà! Ẹ̀gbẹ́ kejì ti ń pa ẹnu dé. Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀ bíńtín...

“Kúlúsúmù!”

“Àbẹ̀kẹ́!”

“Ìyàwó mi!”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Lẹ́ẹ̀kan náà!

“KÍ LÓ TÚN DÉ?”

Yéè! Ta ló pariwo mọ́ àgbà báyìí? Kúlúsúmù ni. Kò sọ ọ́ nínú ikùn mọ́. Ẹnu ló ti jáde, gbogbo Ìtamága ló sì gbọ́ ọ.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ẹnu sílẹ̀. Adìẹ pàápàá dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

Kúlúsúmù sáré lọ síwájú wọn. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú.”

Ìyá Yísà wo Ìyá Afọlábí. Ìyá Afọlábí wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wo àwo tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

“Oúnjẹ la pè ọ́ sí,” ló wí. “O ò tíì jẹ nǹkan gidi láti àárọ̀.”

Ẹ̀kọ wà nínú àwo náà. Ọbẹ̀ ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yọ èéfín.

Ojú ti Kúlúsúmù. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀.

“Gbé orí sókè,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ó ti sú ọ, àbí?”

Kúlúsúmù wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo adìẹ. Ó wo Ìyá Àgbà.

“Ó ti sú mi, mà. Ó ti sú mi gan-an, mà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún wa láti àárọ̀?”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà.”

“Ẹ̀rù àwa? ÀWA YÌÍ?” ni Ìyá Yísà wí. Páànù òrùlé mì.

“Ìyá Yísà,” ni Ìyá Afọlábí wí, “ṣé ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù báyìí?”

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Yísà kọ́kọ́ fajú ro, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

“Gbọ́, Àbẹ̀kẹ́,” ni Ìyá Àgbà wí. “Bí a bá pè ọ́, dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá dí, sọ pé ọwọ́ rẹ dí.”

“Ṣé mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà, mà?”

“O lè sọ ọ́. Má ṣáà ti pariwo mọ́ wa. Ẹ̀dọ̀ wa fò!”

Kúlúsúmù jẹun. Ó jẹ ẹ̀kọ. Ó jẹ ẹja. Ó lá ọwọ́. Ó padà sídìí àpò rẹ̀.

“Kúlúsúmù!” Ìyá Yísà nìyẹn.

Kúlúsúmù mí kanlẹ̀. “Mà! Ọwọ́ mi dí, mà!”

“Áà, mo gbàgbé! Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.”

Ẹ ò rí nǹkan! Ó ṣeé sọ!

Wọlé. Jáde. Fàà! Ẹ̀gbẹ́ kejì pa ẹnu dé.

Wọlé. Jáde. Fàà! Okùn dúró lára àpò.

Ó ta kókó. Ó fi eyín gé òwú. Kẹ́!

Àpò parí! Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ìrun Mọ̀gàríbì, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú.

“Ìyá Àgbà, mo ti parí rẹ̀!”

Ìyá Àgbà gba àpò. Ó fà á wò lápá ọ̀tún. Ó fà á wò lápá òsì. Kò já.

“Ọ̀la, o ń bá wa lọ,” ló wí.

Kúlúsúmù fò sókè. Ó fò títí adìẹ fi sá kúrò nílẹ̀.

Ẹ wá wo Kúlúsúmù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní Ìpakodò! Ó gbé àpò kọ́ èjìká. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, níbi tí èèyàn ti lè rí ohun gbogbo.

“Mo fẹ́ rí gbogbo ọ̀sà,” ló wí. “Gbogbo rẹ̀ pátá!”

Ọkọ̀ dún. Pá! Pá! Pá-pá-pá-pá.

Ọkọ̀ ń mì lọ sọ́tùn-ún. Ó ń mì lọ sósì. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́.

Ojú Kúlúsúmù wúwo. Ó là á. Ó tún wúwo. Ó tún là á.

“Àbẹ̀kẹ́! Dìde! A ti dé!”

“Mà? Dé ibo, mà?”

“Ẹ̀pẹ́!”

Ẹ̀pẹ́? Ẹ̀PẸ́? Ó sùn! Ó sùn láti Ìpakodò dé Ẹ̀pẹ́. Kò rí omi kankan!

“Kí ló dé tẹ́ ò jí mi, mà?” Kúlúsúmù fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

“A ní kí a má pè ọ́ ni,” ni Ìyá Afọlábí wí. “Ṣebí o ní ìpè wa ti sú ọ.”

Àwọn àgbà yìí! Kí ni èèyàn fẹ́ ṣe fún wọn?

Ní ọjà Ẹ̀pẹ́, wọ́n tẹ́ ìbora sílẹ̀. Wọ́n gbé àpò Kúlúsúmù lé e lórí.

Àwọn ìyàwó apẹja rọ́ dé. Wọ́n fọwọ́ pa ìbora. Wọ́n fi bora. Wọ́n rà á.

Ìyàwó apẹja kan, Mùsílímátù, mú àpò kékeré náà.

“Èló ni?”

“Tọ́rọ́ kan, mà,” ni Kúlúsúmù wí.

“Tọ́rọ́? Àpò bíńtín yìí? Ẹ bá mi dín in kù.”

Kúlúsúmù gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

“Ẹ má wulẹ̀ ná an, mà. Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí lórí àpò yẹn.”

Mùsílímátù bú sẹ́rìn-ín. Ó san tọ́rọ́, ó sì gbé àpò kọ́ èjìká ọmọ tó gbé pọ̀n.

Ọjà tán. Wọ́n tún wọ ọkọ̀. Ìkòròdú ló kàn. Pá-pá-pá-pá.

Kúlúsúmù jókòó síwájú. Ó fi ìka méjì la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní sùn!

Ó wo ẹ̀yìn. Ìyá Yísà ti sùn. Ìyá Afọlábí ti sùn. Ìyá Àgbà ti sùn, orí rẹ̀ wà ní èjìká Ìyá Yísà.

Hóórò. Fíì. Hóórò. Fíì.

Ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó wá rí ọ̀sà wò wàyí.

Omi fẹ̀, kò lópin. Oòrùn ń lọ wọ̀, omi sì pọ́n bí epo.

Lékeléke fò kọjá. Ọ̀kan. Òmíràn. Òmíràn tún.

Apẹja kan dìde nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ó gbé àwọ̀n. Ó ṣe é bíi kó jù ú. Kò tíì jù ú.

Kúlúsúmù dì mọ́ etí ọkọ̀. Ó dára. Ó dára jù fún ẹnì kan láti dá wò.

Kò rò ó rárá. Ẹnu rẹ̀ ló dá sáré.

“Ìyá Àgbà! Ìyá Yísà! Ìyá Afọlábí! Ẹ wá wò ó!”

“Kí ló tún dé?” ni Ìyá Àgbà wí.

“Ọmọ yìí, jẹ́ ká sùn!” ni Ìyá Afọlábí wí.

“Ó ti sú wa o!” ni Ìyá Yísà wí. Ọkọ̀ mì.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà! Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ráhùn. Wọ́n yán. Wọ́n nu ojú. Wọ́n wò ó.

Apẹja ju àwọ̀n. Fìììì! Àwọ̀n là nínú oòrùn. Ó tẹ́ rẹrẹ lójú òfuurufú. Omi ń kán lára gbogbo ojú rẹ̀, ó ń dán.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta na ọrùn. Ìyá Yísà pàápàá gbàgbé oorun.

“Ṣé ẹ rí i, mà?” Kúlúsúmù rọra bi wọ́n.

“A rí i,” ni Ìyá Àgbà wí. Ó fà á mọ́ra. “A rí gbogbo rẹ̀. Pè wá tí o bá tún rí òmíràn.”